Ẹ̀fẹ̀ Inú Yàrá Ìrọbí

Ìgbà kẹta rèé tí lọ́yà máa fi ọwọ́ gbá tábìlì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

"Ẹ tún un sọ, mà. Láìsí ẹ̀rín o."

Obìnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ tún ìjókòó ṣe. Ó nu ojú, ó pa ètè pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò ìwé ìrìnnà. "Ó dáa. Wọ́n fa omi sí mi lára kí ọmọ lè tètè wá. Ìrọbí wá le. Ó le débi pé mo rí bàbá mi tó ti kú tipẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, 'Bàbá, ẹ máa padà lọ o, bẹ́ẹ̀dì yìí ò gba èèyàn méjì.'"

Ọkọ rẹ̀ tó jókòó ti ògiri bú sẹ́rìn-ín. Lọ́yà ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́bìnrin tó mọ òfin dunjú ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ti rí eyín rẹ̀ rí, irọ́ ló ń pa.

"Sà, ẹ̀yin gan-an lẹ ń bà á jẹ́," ó sọ fún ọkọ.

"Ẹ má bínú," ọkọ ní, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Fíríìjì ni ọkùnrin yìí ń tún ṣe. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ̀rín ìyàwó rẹ̀ ló sì mú un wọ ilé àna níjọ́ kìíní, kò sì tíì rí ọ̀nà àbájáde láti ìgbà náà.

Tíṣà Mọ́tò ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kọ́ èèyàn ní ọkọ̀ wíwà. Ẹni tó bá ń jókòó ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti àárọ̀ dọ̀sán, tí wọ́n ń dojú ọkọ̀ kọ ògiri, tí wọ́n ń dojú ẹ̀ kọ gọ́tà, tí wọ́n tún ń béèrè pé ṣé àwọn ṣe dáadáa, bí kò bá mọ ẹ̀rín rín, yóò tètè kú. Bíréèkì méjì ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan lábẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé bó bá wọ ọkọ̀ ẹlòmíì, ńṣe ni ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣáá.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ló kọ́ ọ lẹ́fẹ̀, ilé ni. Nínú ìdílé ìyá rẹ̀, obìnrin kì í ké lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ìyá ìyá rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, ó máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín. Ìyá rẹ̀ gbà á bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n bí Tíṣà Mọ́tò fúnra rẹ̀, agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín débi pé ó ní láti fi ẹ̀yìn ti ògiri kí ó má baà ṣubú. Ìtàn yìí ni wọ́n fi ń yangàn nínú ẹbí wọn, bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń fi oyè yangàn. Ta ni yóò wá kọ́kọ́ ké, tí yóò ba orúkọ ilé jẹ́?

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ó má baà rú yín lójú. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé àkọ́bí Tíṣà jáde. Nígbà tó lóyún ìkejì, ó sọ fún wọn ní ọsibítù pé ojú abẹ wà lára òun, wọ́n sì ní kò séwu, yóò bí fúnra rẹ̀. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ dé, ìrọbí ń falẹ̀, wọ́n bá fa omi tó ń ti ìrọbí sí i lára. Láìpẹ́, ìrora kan dé tí kò jọ ti tẹ́lẹ̀. Ó gba ojú abẹ àtijọ́ kọjá bí iná. Ilé-ọmọ rẹ̀ ti ya. Tíṣà sọ fún agbẹ̀bí. Ó sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé wọn, pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀. Agbẹ̀bí rẹ́rìn-ín, ó jáde lọ. Ìgbà tí dókítà máa fi dé, ọmọ ti bọ́ kúrò nínú ilé-ọmọ sínú ikùn lásán. Wọ́n sáré ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìyá yè, ọmọ yè, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti yọ ilé-ọmọ náà, afẹ́fẹ́ ò sì dé ọpọlọ ọmọ fún ìgbà díẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ni wọ́n ń pè ní Sájẹ́ńtì, nítorí kò tíì lè rìn, àmọ́ gbogbo ilé ló ń pàṣẹ fún. Bó bá nàka sí ife, ife gbọ́dọ̀ dé. Bó bá nàka sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ jó. Jàǹbá ọpọlọ yẹn ló mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì le gbagidi, tí kò fẹ́ ká. Obìnrin kan tó mọ̀ nípa iṣan ló ń bá a nà án, ó sì ti sọ fún wọn láìfepo bọyọ̀: bí wọn ò bá dáwọ́ dúró títí Sájẹ́ńtì á fi dàgbà, á rìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú igi ìtìlẹ́yìn. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, kò ní rìn. Owó tíṣà ọkọ̀ àti owó oníṣẹ́ fíríìjì ò lè gbé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ dé ibì kankan. Ọsibítù sì ní ọrùn àwọn mọ́. Wọ́n ní obìnrin náà ò ráhùn. Wọ́n ní ẹ̀rín ló ń rín.

Ohun tó gbé wọn dé ọ́fíìsì lọ́yà nìyẹn, lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń gé kọ́kọ́rọ́, níbi tí ariwo ẹ̀rọ wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ara ẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, ìyá Tíṣà bá wọn wá.

"Ilé-ọmọ lè ya láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀," lọ́yà ti sọ fún wọn lọ́jọ́ náà. "Ìyẹn nìkan ò sọ wọ́n di ẹlẹ́bi. Ohun tí a máa fi hàn ni pé ẹ sọ fún wọn, pé ẹni tó mọṣẹ́ tó gbọ́ ohun tí ẹ sọ á ti pe dókítà lójú ẹsẹ̀, àti pé ìdádúró yẹn ló ṣe ọmọ ní jàǹbá. A lè gbé wọn lọ sí kóòtù."

"A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́," ìyá Tíṣà sọ.

"Ṣé ọ̀rẹ́ wọn lẹ fẹ́ ṣe ni, mà?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi lọ́yà, tí kò mọ̀ pé òun ti sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín.

"Ẹ tún lè fi ẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ agbẹ̀bí yẹn."

"Iṣẹ́ tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ẹ̀, ṣé ó máa na ẹsẹ̀ ọmọ mi?" Tíṣà béèrè.

"Kò ní nà án."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ nígbà náà."

"Ó ku ìlàjà. Ẹni tí kò mọ̀ yín, tí kò mọ àwọn náà, á jókòó sáàárín. Bí ẹ bá gbọ́ ara yín yé, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, òfin á sì dúró tì í. Bí ẹ ò bá gbọ́ ara yín yé, kóòtù ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká fi falẹ̀ o. Ẹjọ́ tó bá pẹ́ jù nílẹ̀, òfin á ní ó ti kú."

Ìlàjà ni wọ́n mú. Láti ìgbà náà ni ìyọnu ti bẹ̀rẹ̀, nítorí lọ́yà ti rí i pé oníbàárà òun ò lè sọ̀rọ̀ ìrora kankan kí ẹ̀fẹ̀ má yọjú. "Bí ẹ bá ń ṣẹ̀fẹ̀ níwájú onílàjà," ó ní, "ẹ ti bá ọsibítù ro ẹjọ́ wọn tán nìyẹn. Ẹ kàn sọ pé, 'Mo sọ fún un pé ilé-ọmọ mi ti ya.' Ó parí."

Tíṣà ṣe é nílé. Ọkọ rẹ̀ fi aṣọ tábìlì kọ́ èjìká, ó ní òun ni lọ́yà ọsibítù. Ó fajú ro, ó nàka sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí! Ṣé òótọ́ ni pé... ẹ jọ̀ọ́, mà?" Ìyàwó rẹ̀ dojú bolẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Sájẹ́ńtì náà pàtẹ́wọ́, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n tún un ṣe.

Ó tún ṣe é níbi iṣẹ́. Ó ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú tó le koko, kí ó lè mọ́ ọn lẹ́nu. Ọ̀kan nínú wọn, òṣìṣẹ́ báńkì tí ọkàn rẹ̀ rọ̀, gbọ́ ọ dé ibi tí wọ́n ti yọ ilé-ọmọ, omijé bo ojú rẹ̀, ó sì gbé ọkọ̀ gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Tíṣà tẹ bíréèkì tirẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀ bú wọn, wọ́n bú ìyá wọn, wọ́n bú ẹni tó ta ọkọ̀ fún wọn. "Ó jọ pé mo ti ń mọ̀ ọ́n sọ," Tíṣà sọ fún ọkọ rẹ̀ nígbà tó délé.

Ìyá rẹ̀ nìkan ni inú rẹ̀ ò dùn sí i. "Ṣé wọ́n fẹ́ sọ ẹ́ di ẹlẹ́kún ni? Nínú ilé tiwa?"

"Màmá, nítorí ẹsẹ̀ Sájẹ́ńtì ni."

Kò sí ẹni tó lè bá ẹsẹ̀ Sájẹ́ńtì du nǹkan.

Ọjọ́ pé. Yàrá kan tó ní tábìlì gígùn ni wọ́n pàdé sí, òdòdó oníke wà láàárín tábìlì, ìwé iye tí wọ́n tà á ṣì wà lára rẹ̀. Onílàjà jẹ́ bàbá arúgbó kan tó ń rọra sọ̀rọ̀. Àwọn ọsibítù jókòó sí òdìkejì: ọ̀gá dókítà, lọ́yà wọn tí áńkáṣífù àpò rẹ̀ funfun ju eyín lọ, àti agbẹ̀bí ọjọ́ náà. Ẹnu ya Tíṣà nígbà tó rí agbẹ̀bí yìí. Lójú rẹ̀, obìnrin náà ga lọ́jọ́ ìrọbí. Ó jọ ọmọdé báyìí, ìka ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Ọkọ Tíṣà jókòó ti ìyàwó rẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti Sájẹ́ńtì wà níta lórí bẹ́ǹṣì.

Tíṣà sọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Kò rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè. Ó sọ ọ́ gbẹrẹfu, bí ọmọ iléèwé tó ń ka àkọ́sórí, ó sì rí i kedere pé ojú onílàjà ti kúrò lára òun, ó ti lọ sórí òdòdó oníke. Ẹ̀rù bà á. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, òun gan-an ò sì gba ara rẹ̀ gbọ́.

"Ẹ ṣé, mà," lọ́yà ọsibítù sọ nígbà tó parí. "Ẹ ní ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé ilé-ọmọ yín ti ya. Ṣé ọ̀rọ̀ tí ẹ lò gan-an nìyẹn?"

Tíṣà wo lọ́yà tirẹ̀. Irọ́ ò sí lára ohun tí wọ́n kọ́ ọ nílé.

"Rárá," ó ní.

Lọ́yà rẹ̀ pa ojú dé.

"Kí lẹ wá sọ?"

"Ẹ̀fẹ̀ ni mo ṣe."

"Ẹ̀fẹ̀." Ọkùnrin náà yíjú sí onílàjà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Sà, ilé-ọmọ obìnrin kan ya, ó wá ń dá àpárá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Ta ni yóò gbọ́ àpárá tí yóò máa sáré pe dókítà?"

Orí Tíṣà gbóná. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ilẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ó ya ẹnu láti dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn mìíràn ló kọ́kọ́ jáde.

"Ó ní, 'Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ibi tí wọ́n rán nínú mi níjọ́sí ti tú o. Ẹ bá mi sọ fún aránṣọ yín pé owú tó lò ò dáa rárá.'"

Agbẹ̀bí ló sọ̀rọ̀. Kò tíì gbé ojú kúrò lára ìka rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró ná," lọ́yà ọsibítù ní.

"Ẹ jẹ́ kí ó sọ ọ́," onílàjà sọ. Ojú rẹ̀ ti kúrò lórí òdòdó.

"Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Mi ò lè gbàgbé, nítorí kò sí ẹni tó pa mí lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbé e lọ sí yàrá tí a ti ń mu tíì. Mo sọ ọ́ fún àwọn yòókù. Mo fi ohùn rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ní òun ò gbọ́ dáadáa, mo tún un sọ. Ẹ̀fẹ̀ yẹn la fi ń jayé, tí obìnrin náà dá wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ gbogbo ohun tó sọ. Ojú abẹ, títú, gbogbo ẹ̀. Mi ò kàn rò ó ni. Nígbà tí mo padà wọlé, ètè rẹ̀ ti funfun."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ èyí tẹ́lẹ̀?" onílàjà béèrè.

"Wọ́n bi mí pé ṣé ó ráhùn. Mo ní kò ráhùn. Òótọ́ ni, sà, kò ráhùn. Kò sẹ́ni tó bi mí ní ẹ̀fẹ̀ tó ṣe." Ó wá gbójú sókè, ó wo Tíṣà. "Ẹ má bínú, mà. Kò sí ọjọ́ kan tí mi ò gbọ́ ọ létí."

Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, gbogbo wọn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tó kàn. Wọ́n bá kọjú sí Tíṣà Mọ́tò. Ọkọ rẹ̀ ń wò ó, lọ́yà rẹ̀ ń wò ó, àní ọ̀gá dókítà náà ń wò ó, wọ́n ń retí pé kí ó sọ nǹkan kan tí yóò jẹ́ kí èèyàn lè mí. Ohun tí wọ́n máa ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ níbi gbogbo nìyẹn. Ó sì ní ẹ̀fẹ̀ náà lẹ́nu, kí n má purọ́ fún yín. Ó ní méjì.

"Ó dùn mí," ó ní. "Nọ́ọ̀sì, ó dùn mí gan-an ni. Mo rò pé mò ń kú. Mo fẹ́ kí ẹnì kan di ọwọ́ mi mú."

Ó bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún jẹ́jẹ́ o, ẹkún gidi ni, èyí tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ ìkúnlẹ̀, ó sì la yàrá náà kọjá dé ìta. Agbẹ̀bí dìde, ó yí tábìlì ká, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó ní kí ó padà sáyè rẹ̀. Lọ́yà Tíṣà náà ń wá nǹkan nínú báàgì rẹ̀, ó pẹ́ kí ó tó rí i, ìgbà tó sì rí i, imú ara rẹ̀ ló fi nù.

Ọ̀gá dókítà bọ́ awò ojú. "A jẹ̀bi," ó ní. Lọ́yà rẹ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó fi ọwọ́ dá a dúró. Ìyókù kò pẹ́ mọ́. Ọsibítù á gbé ìtọ́jú ẹsẹ̀ Sájẹ́ńtì títí á fi dàgbà, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn làwọn ṣẹ̀, wọn ò sì ní fa omi tó ń ti ìrọbí sí obìnrin tó ní ojú abẹ mọ́ láìsí dókítà nítòsí. Onílàjà bi Tíṣà bóyá ó ní nǹkan láti fi kún un.

"Bí obìnrin bá ń ṣẹ̀fẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì yín," ó ní, ó ń nu imú, "kí ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Àmọ́ kí ẹ máa wo ibi tó fọwọ́ mú."

Ìgbà tí wọ́n jáde, ọkọ rẹ̀ sáré gbé Sájẹ́ńtì, ó ń sọ fún un pé á rìn, á rìn, àfi bí kò bá fẹ́. Sájẹ́ńtì nàka sí ilẹ̀kùn, ó fẹ́ máa lọ sílé. Ìyá Tíṣà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, báàgì wà lórí itan rẹ̀, kò dìde.

"Mo gbọ́ ohùn ẹ," ó ní.

"Mo sunkún, Màmá. Ẹ má bínú."

Ìyá rẹ̀ ṣí báàgì, ó tún un pa dé. Ó wo ọ̀nà tí ọkọ ọmọ rẹ̀ gbé ọmọ gbà, ó rí i pé wọ́n ti jìnnà.

"Nígbà tí mo bí ẹ," ó ní, "ó dùn mí."

Tíṣà wò ó.

"Ó dùn mí débi pé mo fẹ́ kú. Mi ò sọ fún ẹnì kankan rí."

"Haà, Màmá! Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Agbẹ̀bí ti fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín."

Tíṣà ni ẹ̀rín kọ́kọ́ pa. Ó wá pa ìyá rẹ̀ náà. Àwọn méjèèjì rín in, wọ́n di ara wọn mú lórí bẹ́ǹṣì, omijé ń dà lójú wọn, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ṣílẹ̀kùn láti wò wọ́n. Ó pẹ́ kí wọ́n tó dákẹ́. Tíṣà wá tún ìjókòó ṣe, ó sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó gba báàgì lórí itan rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi báyìí," ó ní. "Mò ń gbọ́."